Okùn Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Alálọ-Láìlábọ̀

Okùn alálọ-láìlábọ̀ ni okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a to wáyà inú rẹ̀ kí dátà lè gba ibẹ̀ lọ, kó má lè gba ibẹ̀ padà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń lò ó láti fi kọ̀ǹpútà kan ṣọ́ ohun tó ń kọjá láìjẹ́ kí kọ̀ǹpútà náà fọhùn. Wọ́n tún fi ń dán ẹ̀rọ wò, bóyá yóò fura nígbà tí ọ̀nà àbọ̀ bá já.

Wáyà mẹ́jọ ló wà nínú okùn Ethernet, a sì lọ́ wọn pọ̀ ní méjì-méjì. Nínú ìlànà 10BASE-T (1990) àti 100BASE-TX (1995), mẹ́rin péré ló ń ṣiṣẹ́: kọ̀ǹpútà ń fi ìkíní àti ìkejì ránṣẹ́, ó sì ń fi ìkẹta àti ìkẹfà gbà á. Bí a bá tẹ̀ lé ètò àwọ̀ T568B, wáyà aláwọ̀ ọsàn àti èkejì rẹ̀ tó jẹ́ funfun onílà ọsàn ni a ó gé ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà tí a fẹ́ kó máa gbọ́ láìfèsì. Àwọn aláwọ̀ ewé yóò wà níbẹ̀.

Gígé nìkan kò tó. Bí ọ̀nà bá dákẹ́, ẹ̀rọ 10BASE-T a máa ta ìró kékeré síra wọn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 0.016 síra, láti fi hàn pé àwọn wà láàyè. Bí switch, ìyẹn ẹ̀rọ tó so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀, kò bá gbọ́ ìró yìí, iná kékeré etí ihò rẹ̀ yóò kú, kò sì ní fi dátà kankan ránṣẹ́. Nítorí náà, a máa ń fa ìró náà wá láti ara ẹ̀rọ kẹta.

Ọgbọ́n yìí kò ṣiṣẹ́ lórí 1000BASE-T (1999), nítorí méjì-méjì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń lọ tó sì ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Okùn fáíbà ló rọrùn jù níbẹ̀: èyí tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ lọ sábà máa ń yàtọ̀ sí èyí tó ń gbé e bọ̀, a kàn máa yọ ọ̀kan ni.

Ìlànà ìfiránṣẹ́ TCP kò lè rìn lórí irú okùn yìí, torí ó ń dúró de èsì. UDP, tí kì í dúró de èsì, ni a ń lò. Àdírẹ́sì ẹ̀rọ tó ń gbà á náà, ọwọ́ ni a ó fi kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí kò lè dáhùn nígbà tí ARP, ìlànà tó ń béèrè àdírẹ́sì, bá pè é. Ẹni tó ń ránṣẹ́ kò sì ní mọ̀ bóyá ó dé, nítorí náà ó yẹ kó fi nọ́ńbà sí ẹrù kọ̀ọ̀kan, kó sì tún un rán.

Ìlẹ̀kùn tí sọ́fútíwíà bá tì, sọ́fútíwíà lè ṣí i. Wáyà tí a ti gé kò gbọ́ àṣẹ ẹnikẹ́ni.