Tòkunbọ̀ àti Oscar: Bí A Ti Sọ Ọkọ̀ Òfúrufú Jàpáànì Lórúkọ Nígbà Ogun

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Yorùbá kò sì fi ìsọmọlórúkọ mọ sí ọ̀dọ̀ ènìyàn nìkan. Ẹni tí ó bá dé ọjà Computer Village ní òpópónà Ọ̀tìgbà, Ìkejà, yóò gbọ́ bí wọ́n ti ń pe fóònù àti kọ̀ǹpútà tí a ti lò rí ní òkè òkun ní 'tòkunbọ̀'. Orúkọ ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi ni; a mú un fún ẹ̀rọ nítorí pé òun náà ti òkun bọ̀. Orúkọ kan ṣoṣo yìí sọ ibi tí ọjà ti wá, ó sì kìlọ̀ fún olùrà pé kí ó la ojú rẹ̀ dáradára. Kò jìnnà sí ọjà yìí ni pápá ọkọ̀ òfúrufú Ìkejà wà, èyí tí a kọ́kọ́ ṣe nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà ogun náà gan-an ni àwọn jagunjagun kan sọ ẹ̀rọ ní orúkọ ènìyàn, fún ìdí tí ó le ju ti ọjà lọ.

Nígbà tí Jàpáànì wọ inú ogun pẹ̀lú Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kejìlá ọdún 1941, ó ṣòro fún àwọn ọ̀tá rẹ̀ láti mọ àwọn ọkọ̀ òfúrufú rẹ̀ yà. Ọdún tí ìjọba tẹ́wọ́ gba ọkọ̀ ni Jàpáànì fi ń pè é, gẹ́gẹ́ bí kàlẹ́ńdà tiwọn. Ọdún 1940 ni 2600 lọ́dọ̀ wọn; ìdí nìyí tí a fi mọ ọkọ̀ ìjà kan tí ó lókìkí sí 'Zero', èyíinì ni òdo. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ìjà Ki-43 ti ọmọ ogun orí ilẹ̀, tí ó ní ẹ́ńjìnnì 1, àti ọkọ̀ ajubọ́ǹbù G4M ti ọmọ ogun ojú omi, tí ó ní ẹ́ńjìnnì 2, jọ ń jẹ́ 'Ìkíní'. Bí ẹnì kan bá wá kígbe pé 'Ìkíní ń bọ̀!', kí ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ṣe?

Ní ọdún 1942 ni ọ̀gágun ará Amẹ́ríkà kan, Frank McCoy, ọmọ ìpínlẹ̀ Tennessee, tí ó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní Ọsirélíà, wá ojútùú sí ọ̀ràn yìí. Òun àti àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú orúkọ kúkúrú tí kò ní ṣi ènìyàn lọ́nà lórí rédíò. Wọ́n fi orúkọ ọkùnrin fún ọkọ̀ ìjà, wọ́n fi ti obìnrin fún ajubọ́ǹbù. Zero di Zeke, G4M di Betty, Ki-43 di Oscar. Orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú T, bí Tabby àti Topsy, jẹ́ ti ọkọ̀ akẹ́rù. Orúkọ igi jẹ́ ti ọkọ̀ tí a fi ń kọ́ni. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ ti mọ irú ewu tí ń bọ̀ kí ó tó gbé ojú sókè.

Ṣùgbọ́n orúkọ kò lè gbọ́n ju ẹni tí ó sọ ọ́ lọ. A kọ́kọ́ pe ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà ní Hap, orúkọ ìnagijẹ ọ̀gágun àgbà Arnold ti Amẹ́ríkà. Inú rẹ̀ kò dùn sí i, a sì yí i padà sí Hamp. Nítorí pé a rò pé ará Itálì ni ọkọ̀ Ki-61, a sọ ọ́ ní Tony, bẹ́ẹ̀ sì ni Jàpáànì ni ó ṣe é. A tilẹ̀ fi Mike sọ ọkọ̀ Jámánì kan tí a retí pé Jàpáànì yóò gbé wá sójú ogun. Kò wá títí ogun fi parí. Oscar pàápàá ń jẹ́ Jim ní agbègbè Bọ́mà àti Ṣáínà kí a tó sọ orúkọ náà di ọ̀kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan àwọn ènìyàn wa gan-an nìyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944, ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, wọ àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà. Kò sí ọ̀nà gidi níbẹ̀. Ọkọ̀ òfúrufú ni ó ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn. Ojú ọ̀run kan náà tí oúnjẹ ti ń bọ̀ ni Oscar lè ti yọ. Fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, mímọ ọkọ̀ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ti ọ̀tá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú.

Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wà lára wọn. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1942. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, ìbọn Jàpáànì dá a lọ́gbẹ́ lẹ́bàá odò Kaladan. Àwọn ará abúlé fi í pamọ́, wọ́n sì ń bọ́ ọ títí ìrànlọ́wọ́ fi dé ní òpin ọdún náà. Ó kọ ìtàn ara rẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999, ọdún 13 kí ó tó kú.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn fi iyè sí èyí. Ki-43 ní orúkọ tí àwọn tí ó bí i sọ ọ́: Hayabusa, irú ẹyẹ àṣá kan. Síbẹ̀ Oscar ni ọ̀pọ̀ ìwé àgbáyé fi ń pè é títí di òní, nítorí pé ẹni tí ó ṣẹ́gun ni ó kọ ìwé náà. Àwọn bàbá wa ní orúkọ tiwọn: wọ́n pe ogun náà ní Ogun Hítílà, wọ́n pe Burma ní Bọ́mà. Bí a kò bá kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láti ẹnu àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn, orúkọ tí àlejò sọ ogun náà nìkan ni yóò kù fún wa. Olùkọ́ tí ó bá rán ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ sí ìyá àgbà láti béèrè ohun tí bàbá rẹ̀ sọ nípa Bọ́mà ti ṣe iṣẹ́ ìtàn. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Orúkọ tí a fi pe ogun ni ìjánu ìtàn rẹ̀.