Ta Ló San Owó Sìkọ́láṣíìpù Yín?

Láti Lithonia níbí ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Oṣù kẹjọ ti dé, àsìkò tí àwọn òbí ń di ẹrù sẹ́yìn mọ́tò, tí wọ́n ń gbé ọmọ lọ sí yunifásítì ní Athens, Statesboro tàbí Savannah. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń lọ, sìkọ́láṣíìpù HOPE ló ń rán yín lọ. Ẹ kú oríire! Ìbéèrè kan péré ni mo fẹ́ bi yín kí ẹ tó kúrò nílé: ta ló san owó yẹn?

Ẹ máa sọ pé ìjọba ni. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìjọba kì í dáko, kì í pàtẹ. Ọwọ́ ènìyàn ni owó ìjọba ti ń wá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ilé Yorùbá ná, torí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí.

Ní 1947, ìjọba òyìnbó dá bọ́ọ̀dù kan sílẹ̀ tí á máa ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà. Nígbà tó di 1954, Ìwọ̀-Oòrùn ní bọ́ọ̀dù tirẹ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: bọ́ọ̀dù yìí ló ń dá iye tí àgbẹ̀ máa gbà lórí kòkó, òun náà ló sì ń tà á sókè òkun. Tí iye tó tà á bá ju iye tó rà á lọ, èrè náà kì í padà sọ́wọ́ àgbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí owó kòkó bá já wálẹ̀, kí ìyà má baà jẹ àgbẹ̀. Àmọ́ kòkó gbówó lórí gan-an láwọn ọdún yẹn, owó náà sì pọ̀ jọjọ.

Nínú owó yẹn àti owó orí ni ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti rí ohun ńlá ṣe. Ní January 17, 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé tí kò tó 500,000 lọ́dún tó ṣáájú wá lé ní 800,000. Wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́ ní sìkọ́láṣíìpù lọ sí University College, Ìbàdàn, àti sí òkè òkun. Ní 1962, Yunifásítì Ifẹ̀ ṣílẹ̀kùn.

Ìyá mi wà lára àwọn tó jẹ nínú oore yẹn. Ilé ìwé ọ̀fẹ́ ló ti kọ́ ABD. Àgbẹ̀ kòkó sì ni bàbá tó bí i. Ẹ ṣe ẹ rí i? Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n bàbá àgbà ti san án nídìí òṣùwọ̀n, láìmọ̀. Àgbẹ̀ tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ ló rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sí yunifásítì.

Ẹ má gbọ́ mi gbọ́yọ̀ o. Mi ò sọ pé ohun tí wọ́n ṣe kò dára. Tí kì í bá ṣe ẹ̀kọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ òbí wa kì bá tí dé Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1968, àwọn àgbẹ̀ ní ó tó gẹ́ẹ́. Owó kòkó kéré, owó orí ń ga, àwọn agbowó-orí sì ń fìyà jẹ wọ́n. Ìjà Àgbẹ́kọ̀yà nìyẹn, tí Tàfá Adéoyè wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò. Ní 1969, Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ lọ bá wọn sọ̀rọ̀, ìjọba sì dín owó orí kù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Georgia. Ní 1992, àwọn ará ìpínlẹ̀ yìí dìbò pé kí lọ́tìrì wọlé. Gómìnà Zell Miller ló ṣe agbátẹrù rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1993, òfin sì ní ẹ̀kọ́ ni kí wọ́n fi èrè rẹ̀ ṣe: HOPE, àti ilé ìwé àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin. Lọ́dún àkọ́kọ́, ìdílé tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju dọ́là 66,000 lọ nìkan ni HOPE wà fún. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ ààlà yẹn kúrò. Ọmọ dókítà ń gbà á, ọmọ agbálẹ̀ náà ń gbà á.

Ta ló wá ń ra lọ́tìrì? Àwọn olùwádìí ti sọ ọ́ tipẹ́ pé nínú owó tó ń wọlé fún wọn, àwọn tálákà ló ń ná ìpín tó pọ̀ jù sórí rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ilé àwọn tó rí jẹ ni sìkọ́láṣíìpù náà ń yà sí jù. Èmi náà ń fojú rí i. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, tí mo dúró ra epo, àwọn màmá tó ń tún ọ́fíìsì ṣe àtàwọn bàbá arúgbó ni mò ń bá lórí ìlà, tí wọ́n ń ra tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fi kọ́ìnì họ. Wọ́n á họ ọ́, wọ́n á jù ú sílẹ̀, wọ́n á lọ. Nínú dọ́là tí wọ́n pàdánù yẹn ni wọ́n ti ń san owó kíláàsì yín.

Ṣé kí ẹ má gbà á ni? Rárá o, ẹ gbà á! Kí ẹ sì dì í mú. Wọ́n máa yẹ máàkì yín wò ní kírẹ́dìtì 30, 60 àti 90. Tó bá já sísàlẹ̀ 3.0, ó lọ nìyẹn. Owó kíláàsì nìkan ló sì wà fún, kì í ṣe oúnjẹ, kì í ṣe yàrá.

Láyé ọjọ́un, ọ̀pọ̀ ẹni tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fún ní sìkọ́láṣíìpù ló fọwọ́ sí ìwé pé òun á padà wá ṣiṣẹ́ sin ìlú. HOPE kò ní kí ẹ fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ fọwọ́ sí i fúnra yín. Ẹni tó bá di nọ́ọ̀sì, kó rántí màmá orí ìlà yẹn nígbà tó bá dùbúlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ẹni tó bá di aṣòfin, kó máa béèrè ẹni tó ń sanwó kó tó pe nǹkan ní ọ̀fẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, màmá yín á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe." Ẹ dáhùn pé ẹ gbọ́. Kí ẹ sì mọ̀ pé àwọn tí ẹ jẹ́ ọmọ wọn pọ̀ ju àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn lọ.

Ẹ lọ re, ẹ bọ̀ re. Ó dìgbà kan ná.