Ọrùn-ọwọ́

Ibi tí a ń so aago mọ́ ni ọrùn-ọwọ́. Egungun wẹ́wẹ́ 8 ló wà níbẹ̀, ní ìlà méjì. Nínú ìlà tó sún mọ́ ìgbọ̀nwọ́, ẹyọ kan tó rí bí ẹ̀wà nìkan ni iṣan apá so mọ́. Àwọn yòókù kì í mira, àfi kí egungun aládùúgbò wọn tì wọ́n.

Wo káfíńtà tó ń kan ìṣó ní Zone 4, l'Abidjan. Bó bá gbé òòlù sókè, ọwọ́ á tẹ̀ sẹ́yìn síhà àtàǹpàkò. Bó bá sọ ọ́ kalẹ̀, á tẹ̀ síwájú síhà ọmọńdinrín. Àárín ìlà méjèèjì ló ń yí jù. Ìlà tó sún mọ́ ìgbọ̀nwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira. Ṣùgbọ́n bó bá juwọ́ sí ọ̀rẹ́, egungun ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò nínú ìlà yìí á tẹ̀ba, á tún nàró. Nínú egungun mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, òun náà ló sábà máa ń kán béèyàn bá ṣubú, tó fọwọ́ gbalẹ̀.