Orúkọ Wa Nínú Ìwé Tìmbúkútù, àti Bí a ti Tún Ilé Ìwé Ìlú náà Ṣe

Ní ọdún 1615, ọ̀mọ̀wé kan ní ìlú Tìmbúkútù, Ahmed Baba ni orúkọ rẹ̀, jókòó láti dáhùn ìbéèrè tí àwọn ará Tuwat, ní àárín aṣálẹ̀ ńlá nì, kọ ránṣẹ́ sí i. Wọ́n fẹ́ mọ̀, nínú àwọn ènìyàn dúdú tí àwọn oníṣòwò ń kó gba aṣálẹ̀ kọjá, àwọn wo ni ó tọ́ kí a rà lẹ́rú, àwọn wo ni kò sì tọ́. Ó dá wọn lóhùn pé àwọ̀ ara kọ́ ni a fi ń sọ ènìyàn di ẹrú, àti pé ẹni tí ó bá ti jẹ́ Mùsùlùmí láti ilẹ̀ rẹ̀ wá, a kò gbọdọ̀ rà á. Lẹ́yìn èyí ni ó wá ka orúkọ àwọn ẹ̀yà tí kò tíì gba ẹ̀sìn náà nígbà ayé rẹ̀, àwọn tí òfin yìí kò dáàbò bò. Ó dárúkọ àwọn Mossi àti àwọn Gurma, ó dárúkọ àwọn ará Bùsá àti àwọn ará Borgu, ó dárúkọ àwọn Dagomba. Ó sì dárúkọ wa. Nínú gbogbo ìwé tí a mọ̀ títí di òní, ọ̀kan nínú àwọn ibi àkọ́kọ́ gan-an tí a ti rí orúkọ Yorùbá lórí tákàdá nìyí.

Kò dùn ún gbọ́ pé nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ rí orúkọ wa. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ń kọ orúkọ náà sẹ́yìn ìwé rẹ̀ sì yẹ kí ó mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, nígbà tí ìròyìn dé ní ọdún 2013 pé iná ti jó ìwé ní Tìmbúkútù, ọ̀ràn àlejò kọ́ ni fún wa. Bí a ti ṣe kó ìwé ìlú náà yọ, bí a sì ti ṣe tún wọn ṣe àti ilé wọn, ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín.

A bí Ahmed Baba ní 1556 sínú ìdílé àwọn onídàájọ́ àti ọ̀mọ̀wé, nígbà tí Tìmbúkútù wà lábẹ́ ọba Songhai, tí Odò Ọya sì ń gbé ọjà àti àlejò wá sí èbúté rẹ̀. Ní 1591 ọba Mòrókò rán ọmọ-ogun tí ó ní ìbọn la aṣálẹ̀ já, wọ́n sì ṣẹ́gun Songhai ní Tondibi. Ọdún méjì lẹ́yìn náà wọ́n mú àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú náà, Ahmed Baba pẹ̀lú wọn, wọ́n sì fi ẹ̀wọ̀n dè wọ́n lọ sí Marrakesh. Lójú ọ̀nà ó já bọ́ lórí ràkúnmí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́. Nígbà tí ó dé iwájú ọba, kì í ṣe ti ẹsẹ̀ nìkan ni ó sọ. Ó ní nínú gbogbo ìbátan òun, òun ni ìwé òun kéré jù, síbẹ̀ 1,600 ni àwọn ọmọ-ogun kó lọ nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé èyí yẹ̀ wò: ẹni tí tirẹ̀ kéré jù ní agbo ilé wọn ní 1,600, ọwọ́ ni a sì fi kọ gbogbo wọn. Ní 1608 ni ó tó padà sí ìlú rẹ̀, ó sì kú ní 1627. Nígbà tí ó ń kọ ìwé tí ó dárúkọ wa, òun tìkára rẹ̀ ti mọ bí ẹ̀wọ̀n ti ń rí lọ́rùn ènìyàn.

N kò lè ṣàì dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tákàdá tí mo lò lókè yìí. Lọ́dọ̀ àwọn Hausa ni a ti rí i gbà, àwọn tí wọ́n ń bá àwọn ará aṣálẹ̀ ṣòwò. Bẹ́ẹ̀ ni tàdáwà, tí àwọn bàbá wa fi ń pe omi ìkọ̀wé. Àlùfáà pàápàá, ọ̀rọ̀ tí ó kún inú Bíbélì wa, tí a sì ń pè lójoojúmọ́ nínú Ìjọ, bá alfa tan, oyè tí àwọn ará Songhai fi ń pe ọ̀mọ̀wé. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bá àwọn oníṣòwò àti àwọn olùkọ́ rìn wá láti òkè ọya, wọ́n sì ti pẹ́ ní ẹnu wa kí òyìnbó kan tó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé etí òkun. Orúkọ wa pẹ̀lú gba ọ̀nà yẹn. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde ní 1843, orúkọ tí àwọn ará òkè ti ń pe àwọn Ọ̀yọ́ láti ìgbà pípẹ́ ni ó fi pe èdè náà. Òun náà ni a ti kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Tìmbúkútù. Lẹ́yìn ogun Mòrókò, ìwé ìlú náà kò sí ní ojú kan mọ́. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ni ó ń pa tirẹ̀ mọ́, bàbá a fi lé ọmọ lọ́wọ́, nínú àpótí, nínú àpò awọ, nínú yàrá tí a fi amọ̀ mọ. Nígbà tí àwọn Faransé gba ìlú náà ní 1894, ọ̀pọ̀ ìdílé fi ìwé wọn pamọ́, àwọn mìíràn tilẹ̀ rì wọ́n mọ́ inú iyanrìn. Ìwé tí a rì mọ́ iyanrìn bọ́ lọ́wọ́ Faransé, ṣùgbọ́n kì í bọ́ lọ́wọ́ ikán.

Ní 1973, gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ràn UNESCO, ìjọba Málì dá ilé ìwé gbogbogbòò kan sílẹ̀ ní ìlú náà, wọ́n sì fi orúkọ Ahmed Baba pè é. Ilé wà, ṣùgbọ́n ìwé kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní láti máa rán ènìyàn lọ wá a kiri. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n rán ni Abdel Kader Haidara, ọmọ ọ̀mọ̀wé kan nínú ìlú náà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní 1984 nígbà tí kò ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ó fi ọkọ̀ ojú omi rìn, ó gun ràkúnmí, ó ń ti abúlé dé abúlé. Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń fura sí i, nítorí wọn kò gbàgbé àwọn tí ó ti wá kó ìwé lọ rí. Sùúrù ni ó fi rà wọ́n. Nígbà mìíràn owó ni ó san, nígbà mìíràn ewúrẹ́ tàbí ìwé títẹ̀. Ní 2000 ó ṣí ilé ìwé ìdílé tirẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní orúkọ bàbá rẹ̀, Mamma Haidara, àwọn ìdílé mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009 ìjọba Gúúsù Áfíríkà parí ilé tuntun kan tí ó lẹ́wà fún ilé ìwé Ahmed Baba, ó sì dà bí ẹni pé iṣẹ́ ti parí.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní Oṣù Kẹrin ọdún 2012, àwọn ọlọ̀tẹ̀ wọ ìlú náà. Láìpẹ́ àwọn tí ó le jù nínú wọn gba àkóso, wọ́n ń fi àáké àti ọkọ́ wó ibojì àwọn ẹni mímọ́ ìlú, wọ́n sì sọ ilé tuntun náà di àgọ́ ọmọ-ogun. Haidara ti gba owó 12,000 dọ́là lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Ford Foundation láti lọ kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Oxford. Ó kọ̀wé sí wọn kí wọ́n jẹ́ kí òun fi owó náà ra àpótí, wọ́n sì gbà. Ó ra gbogbo àpótí onírin tí ó wà lọ́jà tán. Nígbà tí kò sí mọ́, wọ́n ra àgbá epo, àwọn alágbẹ̀dẹ sì ń gé e, wọ́n ń lù ú di àpótí. Ẹni tí ó bá ti rìn dé ọjà Ládìpọ̀ ní Mushin, níbi tí wọ́n ti ń tú mọ́tò tí ó ti kú palẹ̀ kí wọ́n lè fi ẹ̀yà ara rẹ̀ jí òmíràn dìde, kì yóò bèèrè bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣe lè rí bẹ́ẹ̀.

Òru ni wọ́n ń di ìwé. Nínú àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ yìí, bàbá arúgbó kan wà, ẹni ọdún 72, tí ó ti ń tọ́jú ilé ìwé láti bí ogójì ọdún, tí kò sì mọ̀wé kà. Inú àpò ìrẹsì àti àpò ọkà ni ó ń kó ìwé sí, tí ó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù tì wọ́n jáde nínú òkùnkùn. Nínú gbogbo ìtàn yìí, ọkùnrin yìí ni ó yà mí lẹ́nu jù. Láti ibẹ̀ ni àwọn àpótí ti wọ ọkọ̀ lọ sí Bamako, ìrìn nǹkan bí 1,000 kìlómítà, kọjá lójú àwọn ọlọ̀tẹ̀ àti lójú àwọn ọmọ-ogun ìjọba, tí àwọn méjèèjì ń tú ẹrù wò. Nígbà tí ọ̀nà ilẹ̀ dí, wọ́n gba Odò Ọya. Àpótí tí wọ́n kó lé ní 2,000. Àwọn olùtọ́jú sọ pé ìwé inú wọn ju 350,000 lọ. Àwọn onímọ̀ mìíràn ń jiyàn iye yìí, nítorí ewé mẹ́ta ni ìwé kan, ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ni òmíràn. Èmi rò pé àríyànjiyàn náà kò dín iṣẹ́ wọn kù.

Ní ọjọ́ 28 Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2013 ni àwọn ọmọ-ogun Faransé àti ti Málì gba Tìmbúkútù padà. Kí àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó sá, wọ́n kó ìwé tí ọwọ́ wọn tẹ̀ ní ilé tuntun náà sí àgbàlá, wọ́n sì dáná sun wọ́n: 4,203 ni iye tí a kà. Èyí tí ó lé ní 10,000 wà nínú yàrá abẹ́ ilé kan náà, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí a tì pa, ọwọ́ wọn kò sì kàn án. Ògiri dúró gbọn-in; ohun tí a torí rẹ̀ kọ́ ọ ni ó jó.

Àtúnṣe wá ku. Nígbà tí a bá ń sọ pé a ń tún ilé ìwé ṣe, ọ̀pọ̀ a máa ronú ọ̀dà àti páànù. Ní Tìmbúkútù àwọn ọ̀mọ̀lé ìlú ṣe ipa tiwọn: wọ́n po amọ̀, wọ́n sì tún ibojì 14 kọ́ láàárín 2014 àti 2015, wọ́n ń wo àwòrán àtijọ́, wọ́n ń bi àwọn àgbà léèrè, wọ́n sì ń wú ìpìlẹ̀ ògiri tí ó ti wó kí wọ́n lè mọ ìwọ̀n rẹ̀. UNESCO ran àwọn ilé ìwé kan náà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó gba sùúrù jù wà ní Bamako, nítorí ohun tí ó gba ìwé lọ́wọ́ iná fẹ́ fi wọ́n lé omi lọ́wọ́. Òjò tí ń rọ̀ ní Tìmbúkútù lọ́dún kò tó 200 mílímítà. Ti Bamako ń súnmọ́ 1,000. Ewé tí ó ti gbẹ fún ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́rin ń fa ọ̀rinrin mu, ó sì ń hu.

Báyìí ni wọ́n ṣe é. Wọ́n á tú ìwé kan sílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kò rán pọ̀, ewé wọn kàn wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú èèpo awọ. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku rẹ̀ ní ewé kọ̀ọ̀kan. Níbi tí tàdáwà tí a fi irin pò bá ti jẹ tákàdá já, wọ́n á fi bébà Japan tí ó fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ labalábá lẹ̀ ẹ́. Òfin wọn ni pé a kò gbọdọ̀ ṣe ohun tí ẹni ẹ̀yìn ọ̀la kò ní lè tú. Nítorí náà lẹ́ẹ̀ tí a fi ìyẹ̀fun sè ni wọ́n ń lò, èyí tí omi díẹ̀ lè tú láìpa ewé lára. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń fi téèpù lẹ ìwé orin tí ó ya, ẹ gbọ́! Téèpù náà á pọ́n, á sì jẹ ewé. Lẹ́yìn èyí wọ́n á ṣe àpótí páálí fún ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n á sì ya àwòrán gbogbo ojú ewé. Ẹni tí ó bá wọn ṣètò àwòrán yìí láti 2013 ni Columba Stewart, mọ́ǹkì Kátólíìkì láti Minnesota ní Amẹ́ríkà, tí ilé rẹ̀ ti ń ya àwòrán ìwé àwọn Kristẹni àtijọ́ tipẹ́. Àwọn Mùsùlùmí Tìmbúkútù fi ìwé bàbá wọn lé e lọ́wọ́, ó sì ṣe é bí ẹni ń ṣe ti ara rẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa, a dá Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní 1964. Ẹ̀ka rẹ̀ ń bẹ ní Yábàá, lójú ọ̀nà Herbert Macaulay. A bẹ̀rẹ̀ ilé ńlá rẹ̀ ní Àbújá ní 2006, ní 2025 a ṣì ń dáwó kí ó lè parí. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí rẹ̀.

Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ìjọba Málì fi ọkọ̀ òfuurufú dá ìwé ilé Ahmed Baba padà sí Tìmbúkútù, àpótí tí ó lé ní 200, tí ìwọ̀n wọn tó tọ́ọ̀nù márùn-ún àti ààbọ̀. Ọ̀rinrin Bamako ni wọ́n sọ pé ó fa á. Ogun kò tíì tán ní ẹ̀bá aṣálẹ̀ nígbà náà, àwọn kan sì bẹ̀rù pé a yára jù. Ìdáhùn tí Ahmed Baba kọ ní 1615, a ti tẹ̀ ẹ́ ní Rabat ní ọdún 2000, pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọwọ́ John Hunwick àti Fatima Harrak. Olùkọ́ tí ó bá rí i lè fi ìka tọ́ orúkọ wa fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀.