Ilé tí àwọn àgbà wa ń gbé: láti abẹ́ koríko dé abẹ́ páànù

Ẹ̀yin ará ilé wa, bí mo bá ní ká sọ̀rọ̀ lórí ilé ìtọ́jú arúgbó, ẹ óò ní, "Nọ́ọ̀sì, ta ló ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Ìfọ̀nyìn?" Òótọ́ ni. Níbí, ilé tiyín gan-an ni ilé ìtọ́jú arúgbó. Yàrá tí Bàbá ń sùn, ọ̀nà tí Ìyá àgbà ń gbà lọ sí ṣáláńgá lóru, òun ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ilé àwọn bàbá ńlá wa, amọ̀ ni. Ògiri rẹ̀ nípọn, koríko tàbí imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bo orí rẹ̀. Oòrùn á ràn títí, inú ilé á ṣì tutù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àgbà máa ń jókòó sí. Ẹni tó ń wọlé á kí i, ẹni tó ń jáde á kí i, tí ara rẹ̀ kò bá yá, wọ́n á tètè mọ̀. N kò sọ pé ilé náà kò ní àbùkù o. Iná láti ìdí ààrò kan ṣoṣo lè jó odidi agbo ilé. Ìdí nìyẹn tí inú àwọn ènìyàn fi dùn nígbà tí páànù dé.

Ní Àjàṣẹ́, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ènìyàn wa tó ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà bọ̀ kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn kan ṣì wà níbẹ̀ dòní, wọ́n sì lẹ́wà. Ṣùgbọ́n orúnkún àgbà kò mọ ẹwà. Àgbà tó wà lókè tí kò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́, ẹ̀wọ̀n ló wà yẹn.

Páànù ní tirẹ̀ gbé ooru wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, ooru mú ní ilẹ̀ Faransé débi pé àwọn tó kú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15,000, àwọn arúgbó ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé ẹni tí yàrá rẹ̀ wà lókè pátápátá, lábẹ́ òrùlé gan-an, wà nínú ewu ju àwọn yòókù lọ. Ní Paris, páànù ni wọ́n fi bo ọ̀pọ̀ ilé. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Lẹ́yìn ikú wọ̀nyẹn ni ìjọba wọn pàṣẹ pé kí ilé ìtọ́jú arúgbó kọ̀ọ̀kan ní, ó kéré tán, yàrá kan tó tutù.

Ẹ má rò pé ewu iná ti bá koríko lọ. Ní òru ọjọ́ 23, oṣù kìíní ọdún 2014, ilé àwọn arúgbó kan jóná ní L'Isle-Verte, ní Québec, ilẹ̀ Kánádà. Ìhà tuntun ilé náà ní ẹ̀rọ tí ń da omi sórí iná láti òkè àjà. Ìhà àtijọ́ kò ní. Ènìyàn 32 ló kú. Ìjọba Québec wá sọ ẹ̀rọ náà di dandan. Àwa kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a ní epo kpayo. Ẹ̀yin tí ẹ ń to kẹ́ẹ̀gì epo sí yàrá tó kángun sí ti Ìyá àgbà, tí irin wà lójú fèrèsé rẹ̀, tí ilẹ̀kùn sì jẹ́ ẹyọ kan, níbo lẹ fẹ́ kí wọ́n gbà jáde?

Ti ilẹ̀ ilé ńkọ́? Táìlì, tí àwa níbí ń pè ní carreau, ni gbogbo wa ń lé báyìí. Tí omi bá kán sí i, ó ń yọ̀ bí ilá. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ ní 2007 pé nínú 100 ènìyàn tó ti lé ní ọdún 65, 28 sí 35 ló ń ṣubú lọ́dọọdún. Arúgbó tí egungun ìtan rẹ̀ bá kán, ọ̀pọ̀ wọn kì í rìn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò la owó ńlá lọ. Ẹ ní kí birikílà má ṣe dán ilẹ̀ balùwẹ̀. Ẹ kan igi mọ́ ògiri ṣáláńgá, kí Bàbá lè rí nǹkan dìmú dìde. Ẹ kó epo kúrò nínú ilé. Ẹ wá wọ yàrá wọn ní aago méjì ọ̀sán, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ jókòó síbẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Tí ẹ̀yin fúnra yín kò bá lè fara dà á, ẹ pe káfíńtà kó wá kan àjà sábẹ́ páànù náà kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé.