Òjìji Nínú Ilé Onígi: Iṣẹ́ Ọwọ́ Sen no Rikyū ní Ilẹ̀ Jàpáàn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé, títóbi ilé ni wọ́n fi ń mọ títóbi onílé. Ọlọ́lá a kọ́ ilé gogoro, a sì lu fèrèsé ńláńlá sí i, kí ohun ìní rẹ̀ lè hàn sí àlejò. Ṣùgbọ́n ilé onígi kan wà ní ilẹ̀ Jàpáàn tí yàrá rẹ̀ kò gbà ju ẹní méjì lọ, tí inú rẹ̀ sì ṣú díẹ̀, tí àwọn ọ̀mọ̀ràn kà mọ́ àgbà iṣẹ́ nínú ilé kíkọ́. Tai-an ni orúkọ rẹ̀. Sen no Rikyū ni wọ́n gbà pé ó kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1582.

Kí ọ̀rọ̀ ilé yìí tó lè yé ènìyàn, ó yẹ kí ó mọ bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń kọ́lé. Igi ni egungun ilé wọn. Òpó ni ó gbé òrùlé dúró. Ògiri kò ru ẹrù kankan, nítorí náà gbẹ́nàgbẹ́nà lè ṣí ẹ̀gbẹ́ ilé sílẹ̀ níbi tí ó bá wù ú. Nítorí òjò àti oòrùn, wọ́n a na etí òrùlé jáde jìnnà. Ní ìgbà ooru, tí oòrùn ń gba òkè téńté kọjá, etí òrùlé a dí i. Ní ìgbà òtútù, tí oòrùn ń rìn nísàlẹ̀ ojú ọ̀run, ìtànṣán rẹ̀ a yọ́ gba abẹ́ òrùlé wọlé. Ìmọ́lẹ̀ yòókù a kọ́kọ́ bá ilẹ̀, a ta padà sókè, a sì gba inú tákàdá tí wọ́n fi bo fèrèsé kọjá, títí yóò fi rọ̀ bí ìmọ́lẹ̀ àfẹ̀mọ́júmọ́.

Rikyū kọ́ ni ó kọ́kọ́ fẹ́ràn ilé kékeré. Ní ọdún 1212, Kamo no Chōmei, ẹni tí ó ti kúrò láàárín ìlú láti máa sin ẹ̀sìn Búdà, kọ ìwé kan tí ń jẹ́ Hōjōki. Ojú rẹ̀ ti rí iná tí ó jó apá ńlá nínú olú-ìlú Kyoto ní ọdún 1177. Ó ti rí ìyàn, ó sì ti rí ìgbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní ọdún 1185. Ó wá kọ́ ahéré kan sí orí òkè Hino, ẹsẹ̀ bàtà 10 ní gígùn, 10 ní ìbú, tí gíga rẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ bàtà 7. Irin ni ó fi so oríkèé igi rẹ̀, kí ó lè tú u kó lọ bí ibẹ̀ kò bá gbè é mọ́. Ìhà ìwọ̀-oòrùn ibẹ̀ ṣí gbayawu, nítorí àwọn onígbàgbọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà pé ìhà náà ni ilẹ̀ mímọ́ Búdà Amida wà.

Sakai, ìlú àwọn oníṣòwò, ni wọ́n ti bí Rikyū ní ọdún 1522. Nígbà náà, tíì mímu ti di ètò pàtàkì láàárín àwọn balógun àti àwọn ọlọ́rọ̀, wọ́n sì ń kọ́ yàrá ọ̀tọ̀ fún un. Yàrá bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gba ẹní mẹ́rin ààbọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ a ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Takeno Jōō, tí ó kọ́ Rikyū, fẹ́ràn kí yàrá kọjú sí àríwá, kí ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ má baà máa yí padà.

Rikyū dí ẹ̀gbẹ́ tí ó ṣí yìí. Ó fi amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ koríko gígé mọ ògiri yí yàrá ká, ó sì lu fèrèsé kéékèèké sí i, tí ìwọ̀n wọn kò dọ́gba. Níbi fèrèsé mìíràn, ohun tí ó ṣe kò ju pé kò rẹ́ amọ̀ bo ọparun tí wọ́n hun sínú ògiri, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba àárín rẹ̀ wọlé. Báyìí ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọlé níwọ̀nba, bí omi tí ìyálé ń bù fún ará ilé nígbà ọ̀dá. Ó tó láti fi rí ọwọ́ ẹni tí ń po tíì. Igun yàrá a wà nínú òjìji. Ní ìsàlẹ̀ yàrá, àyè kan wà nínú ògiri tí wọ́n ń fi ìwé kíkọ kọ́ sí. Rikyū rẹ́ amọ̀ bo igun àyè yìí títí dé òkè, tí ojú kò fi rí ibi tí ó parí sí. Nítorí náà, yàrá tí kò ju nǹkan bí mítà méjì ní gígùn àti ní ìbú kò há mọ́ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò ga tó mítà kan. Ẹni tí yóò wọlé ní láti kúnlẹ̀ kí ó rá wọlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ balógun. Ìta ni yóò sì fi idà rẹ̀ sí. Nínú òjìji ibẹ̀, aṣọ olówó iyebíye kò rí ibi tí yóò ti dán. Oníṣòwò àti jagunjagun di ẹgbẹ́ fún ìwọ̀n àkókò tí omi fi ń hó.

Ọ̀gá tí Rikyū ń sìn ni Toyotomi Hideyoshi, ẹni tí ó ṣẹ́gun ní Yamazaki ní ọdún 1582, tí apá rẹ̀ sì ká gbogbo ilẹ̀ náà níkẹyìn. Hideyoshi pẹ̀lú ní yàrá tíì kékeré tirẹ̀. Wúrà ni wọ́n fi bo ògiri, òpó àti àjà rẹ̀. Ní ọdún 1586, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí ààfin láti fi han Ọba Ōgimachi. Yàrá méjèèjì kéré, igi ni egungun méjèèjì; ìmọ́lẹ̀ ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní ọ̀kan, ìmọ́lẹ̀ ń ki onílé. Ní èkejì, ó ń pa onílé àti àlejò pọ̀.

Ní ọdún 1591, Hideyoshi pàṣẹ kí Rikyū fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n lára ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ère rẹ̀ tí wọ́n fi igi gbẹ́ wà ní òkè ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn Daitoku-ji, èyí tí yóò mú kí Hideyoshi máa gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ẹni tí ó kọ́ àwọn balógun bí a ti ń tẹrí ba wọlé, ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà wà lára ohun tí ó pa á.

Tai-an kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Ó wà títí di òní nínú ọgbà ilé ìsìn Myōki-an ní Yamazaki, ìjọba Jàpáàn sì kà á mọ́ ohun ìṣúra orílẹ̀-èdè ní ọdún 1951. Nígbà tí iná mànàmáná ti wọ ilé gbogbo, òǹkọ̀wé Jun'ichirō Tanizaki bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àròkọ kan jáde ní ọdún 1933, níbi tí ó ti ṣàlàyé pé àwọn baba ńlá wọn, tí ipò nǹkan mú kí wọ́n máa gbé inú yàrá tí ó ṣókùnkùn, ni wọ́n rí ẹwà nínú òjìji, tí wọ́n sì kọ́ bí a ti ń lò ó.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ẹni tí ń kọ́lé. Owó ni ó ń ra igi àti wúrà. Ṣùgbọ́n oòrùn kan náà ni ó ń ràn sórí ilé olówó àti ti tálákà, ọgbọ́n ni ó sì ń sọ ibi tí yóò gbà wọlé.