Ọkọ̀ Etireno àti Ọgbẹ́ Tí Ojú Kò Rí

Ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2001, ọkọ̀ òkun Etireno gbéra ní Kútọnu, ó forí lé Libreville, olú-ìlú Gabon. Wọn kò jẹ́ kí ó gúnlẹ̀ níbẹ̀. Douala náà kò gbà á. Ìròyìn tàn káàkiri ayé pé ọmọdé 250 tí a fẹ́ tà wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó padà dé Kútọnu ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin, àwọn ọmọ tí a rí kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ni àríyànjiyàn bá dá lórí iye.

Ṣùgbọ́n iye kọ́ ni òṣùwọ̀n ìpalára. Ọmọ tí a ṣèlérí iṣẹ́ fún àwọn òbí rẹ̀, tí ó wá di ọmọ-ọ̀dọ̀ nílùú àjèjì, lè máa lá àlákálàá, kí ó máa tọ̀ sórí ẹní, kí ó sì yadi láàárín ẹgbẹ́. Agídí kọ́, ìpayà tí ó di àìsàn ọkàn ni. Ọdún 1980 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi irú àìsàn yìí sínú ìwé wọn.

Àjọ Terre des hommes gba díẹ̀ nínú àwọn ọmọ náà sí ìtọ́jú ní Kútọnu. Ní 2006, orílẹ̀-èdè Benin ṣòfin tako òwò ọmọdé. Òfin lè dá ọkọ̀ dúró; ìtọ́jú ni ó ń dá ọmọ padà sípò. Egbò a máa jinná, àpá rẹ̀ kì í tètè lọ.